Bí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Bá Kọ̀ Tí Kò Jí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó pàdé nínú ẹ̀kọ́ yìí

Púlọ́ọ̀gì: ohun kékeré tí iná ti ń ta nínú ẹ́ńjìnnì kí epo lè gbiná.
Sílíńdà: ihò irin tí epo ti ń jó. Ẹ́ńjìnnì kan lè ní ẹyọ kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Fíláwíìlì: irin róbótó tí ó wúwo, tí ó wà lókè ẹ́ńjìnnì, tí okùn ń yí bí a bá fà á.
Kọ́ìlì: wáyà bàbà tín-ín-rín tí a wé jọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, tí ó ń sọ iná kékeré di iná ńlá.
Pọ́ìntì: irin kékeré méjì tí ń pàdé, tí sì ń pínyà, lábẹ́ fíláwíìlì.
Kọ́ńdẹ́ńsà: agolo kékeré tí kì í jẹ́ kí ẹnu pọ́ìntì jó.
Wáyà ìpaná: wáyà tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì.

Ìṣòro náà

Àwa tí à ń gbé ní etí ọ̀sà, láti Bàdágìrì dé Èkó, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, a mọ bí iṣẹ́ omi ti rí láyé àwọn baba wa. Àjẹ̀ àti ọ̀pá ni wọ́n fi ń tukọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ dáadáa, wọn a ta ìgbòkun. Lóde òní, ẹ́ńjìnnì tí a dè mọ́ ìdí ọkọ̀ ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí. Òun ni ó ń gbé ẹja dé ọjà kí ó tó bàjẹ́. Òun ni ó ń gbé aláboyún dé ilé ìwòsàn. Òun ni ó ń kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò jí, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Kí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ máa ń ṣe lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Wọn a fa okùn títí apá yóò fi máa ro wọ́n. Wọn a ra púlọ́ọ̀gì tuntun. Kò jí. Wọn a ra kọ́ìlì. Kò jí. Wọn a tú kábúrétọ̀ palẹ̀. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Owó ti lọ, ọjọ́ sì ti lọ pẹ̀lú. Ẹni tí ń ṣe báyìí dà bí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí kò wá ibi tí omi ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n tí ó ń pààrọ̀ páànù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan káàkiri orí ilé.

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kọ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ. Iná ẹ́ńjìnnì ní ọ̀nà tí ó ń gbà. Ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà náà ní ẹsẹẹsẹ, tí ó sì ń kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀, yóò dé ibi tí ó ti já. Ẹni tí ó bá ń méfò, owó ni yóò máa ná.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì yìí ti wá

Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ole Evinrude ni ó sọ irú ẹ́ńjìnnì yìí di ọjà tí gbogbo ènìyàn ń rà. Ilẹ̀ Norway ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1877, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó dàgbà sí. Ní ìlú Milwaukee ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì náà ní ọdún 1909. Nígbà tí ó ṣe, ẹ́ńjìnnì Evinrude àti ẹ́ńjìnnì Johnson bọ́ sí abẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà. Wọ́n tà wọ́n káàkiri ayé. Ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Japan, bíi Yamaha, wá dé lẹ́yìn wọn, òun ni ó sì pọ̀ jù lórí omi wa nísinsìnyí.

A kò ṣe Johnson mọ́. Ní ọdún 2020, wọ́n dáwọ́ Evinrude náà dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò kú tán. Irin wọn le, iṣẹ́ inú wọn kò sì ṣòro láti mọ̀. Ohun tí ó sábà ń dá wọn dúró ni wáyà tí ó ti gbó, pọ́ìntì tí ó ti dọ̀tí, àti iyọ̀ omi òkun tí ó ti jẹ ẹnu ìsopọ̀. Ìwọ̀nyí kì í ṣe àrùn tí ó yẹ kí a torí rẹ̀ sọ ẹ́ńjìnnì nù.

Bí iná ti ń dé orí púlọ́ọ̀gì

Inú fíláwíìlì ni òòfà wà, irin tí ń fa irin mọ́ra. Nígbà tí o bá fa okùn, fíláwíìlì yóò yí, òòfà yóò sì máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì. Bí ó ti ń kọjá ni agbára iná ń dìde nínú wáyà kọ́ìlì náà. Níwọ̀n ìgbà tí pọ́ìntì bá ṣì pàdé, iná kékeré yìí ń yípo jẹ́jẹ́. Nígbà tí pọ́ìntì bá pínyà lójijì, iná náà já. Jíjá òjijì yìí ni ó ń mú kí kọ́ìlì ti iná ńlá jáde sí orí púlọ́ọ̀gì.

Wo obìnrin tí ó ru ìkòkò omi tí ó kún dẹ́nu, tí ó ń yára bọ̀ láti odò. Bí ó bá dúró lójijì, omi yóò ta jáde lẹ́nu ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná ṣe ń ta.

Kọ́ńdẹ́ńsà ni ó ń gba agbára tí ì bá ta ní ẹnu pọ́ìntì. Bí kọ́ńdẹ́ńsà bá kú, ẹnu pọ́ìntì yóò jó dúdú, iná púlọ́ọ̀gì yóò sì rẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ó ní sílíńdà méjì, kọ́ìlì méjì, pọ́ìntì méjì àti kọ́ńdẹ́ńsà méjì ni ó wà lábẹ́ fíláwíìlì. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Má gbàgbé èyí, nítorí a ó lò ó láìpẹ́.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí a ṣe láti àwọn ọdún 1970 síwájú kò ní pọ́ìntì mọ́. Àpótí kékeré kan tí a dì pa, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní CDI, ni ó ń ṣe iṣẹ́ pọ́ìntì. A kì í tú u. Síbẹ̀, ọ̀nà àyẹ̀wò tí a fẹ́ sọ yìí wúlò fún un pẹ̀lú, títí a ó fi dé abẹ́ fíláwíìlì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Fi ojú wò kí o tó fi ọwọ́ kàn án

Má tíì mú sípánà. Bi ara rẹ ní ìbéèrè márùn-ún yìí:

1. Ṣé okùn ìpaná wà ní àyè rẹ̀? Okùn yìí ni awakọ̀ ń so mọ́ ọwọ́, kí ẹ́ńjìnnì lè kú bí òun bá já sínú omi. Bí ìkọ́ rẹ̀ bá yọ, kò lè sí iná. Má tìtorí pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu kí o gé e sọnù. Ọkọ̀ tí ń sáré láìsí awakọ̀ lè yí padà wá bá ẹni tí ó já bọ́.
2. Ṣé jíà wà ní fírìì?
3. Ṣé ihò afẹ́fẹ́ orí táǹkì epo ṣí? Bí ó bá dí, epo kò ní lè wá.
4. Ṣé o ti fún rọ́bà epo títí ó fi le lọ́wọ́?
5. Ṣé epo náà dára? Bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí o gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, omi náà yóò rì sí ìsàlẹ̀, ìwọ yóò sì rí ìlà láàárín méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ òróró náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí ń fẹ́ kí a po òróró mọ́ epo. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì rẹ bá sọ pé 50 sí 1, ìdajì lítà òróró ni fún kẹ́ẹ̀gì epo lítà 25. Àwọn tí ó ti pẹ́ gan-an ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ka ìwé rẹ̀, má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ka púlọ́ọ̀gì

Tú púlọ́ọ̀gì jáde kí o wò ó ní ojú ìmọ́lẹ̀. Púlọ́ọ̀gì dà bí ojú ìwé. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń wí.

Bí ó bá gbẹ táútáú, epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fi wáyà sílẹ̀, lọ wo okùn epo, asẹ́ epo àti kábúrétọ̀.
Bí ó bá tutù fún epo, epo ti dé, ṣùgbọ́n iná kò jó o. Ó sì lè jẹ́ pé o ti fa ṣóòkù jù.
Bí omi bá ń kán lára rẹ̀, omi ti wọ inú epo tàbí inú sílíńdà.
Bí ó bá dúdú tí ó ń yọ̀ fún òróró, òróró ti pọ̀ jù, tàbí iná rẹ̀ kò lágbára.
Bí ó bá ní àwọ̀ bíi ti ilẹ̀ pupa, ara rẹ̀ le.

Nu ún mọ́. Fún ọ̀pọ̀ Johnson àti Evinrude àtijọ́, àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì jẹ́ 0.030 ínṣì, èyí tí ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mìlímítà kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Wo bóyá iná ń ta

Ìkìlọ̀ ṣáájú. Epo bẹntiróòlù kì í bá iná ṣeré. Gbé kẹ́ẹ̀gì epo jìnnà. Nu epo tí ó dà sílẹ̀, kí o sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé òórùn rẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí.

Ki púlọ́ọ̀gì méjèèjì padà bọ ẹnu wáyà wọn. Fi ìdí irin wọn kan ara irin ẹ́ńjìnnì, kí o fi wáyà tàbí ìkọ́ dè wọ́n níbẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà sí ihò tí o ti tú wọn, nítorí èéfín epo yóò máa tú jáde níbẹ̀ bí a bá ti ń fa okùn. Má fi ọwọ́ dì wọ́n mú. Iná yìí yóò gbá ọ, o sì lè tìtorí rẹ̀ já sínú omi. Nísinsìnyí, sọ fún ẹnì kejì rẹ kí ó fa okùn kíákíá. Bí ó bá fà á jẹ́jẹ́, iná kò ní ta kódà bí ara ẹ́ńjìnnì bá le.

Iná tí ó dára a máa ní àwọ̀ aró, a sì máa dún pàrà. Èyí tí ó pupa rúsúrúsú, tí ó tín-ín-rín, ti rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí a máa fẹ́ kí iná lè fo àlàfo tí ó tó mìlímítà mẹ́fà ní gbangba. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà a máa fún pọ̀ gan-an. Iná tí ó bá ń tiraka ní gbangba yóò kú nínú lọ́hùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ṣé sílíńdà kan ni, àbí méjèèjì?

Ibí yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Má yára kọjá.

Bí iná bá ń ta ní sílíńdà kan, tí kò ta ní èkejì, pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì wọn. Fi ti òkè sí ìsàlẹ̀, kí o fi ti ìsàlẹ̀ sí òkè. Bí àìsàn náà bá tẹ̀ lé púlọ́ọ̀gì lọ, púlọ́ọ̀gì ni ó kú. Bí ó bá dúró sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀bi wà lára ohun tí ó jẹ́ ti sílíńdà yẹn nìkan: wáyà púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kọ́ìlì rẹ̀, pọ́ìntì rẹ̀, tàbí kọ́ńdẹ́ńsà rẹ̀.

Bí kò bá sí iná ní méjèèjì, wá ohun tí méjèèjì jọ ń lò. Kọ́ìlì méjì kì í sábà kú ní òwúrọ̀ kan náà. Ohun tí wọ́n jọ ń lò ni okùn ìpaná, bọ́tìnnì ìpaná, wáyà ìpaná, àti fíláwíìlì fúnra rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní CDI, àpótí náà wà lára wọn, ṣùgbọ́n òun ni kí o fura sí kẹ́yìn, nítorí òun ni ó wọ́n jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Tú wáyà ìpaná

Báwo ni bọ́tìnnì ṣe ń pa ẹ́ńjìnnì? Ó ń darí iná kékeré náà sí ara irin, kí kọ́ìlì má baà rí i lò. Nítorí náà, bí rọ́bà bá bó lára wáyà ìpaná, tí bàbà rẹ̀ sì kan irin, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ tí kò sì gbé ọwọ́ kúrò.

Tú wáyà náà kúrò níbi tí ó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Fa okùn. Bí iná bá dé, o ti rí ọ̀nà. Bọ́tìnnì tàbí wáyà rẹ̀ ni kí o yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n rántí pé bọ́tìnnì kò lè pa ẹ́ńjìnnì mọ́ nígbà tí wáyà náà bá wà ní títú. Bí ẹ́ńjìnnì bá jí, ṣóòkù ni kí o fà láti fi pa á, tàbí kí o yọ okùn epo. Má gbé èrò lọ báyìí. Ohun mìíràn: má ṣe fi iná bátìrì kan wáyà ìpaná ẹ́ńjìnnì oní-CDI láé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó láti ba àpótí náà jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Abẹ́ fíláwíìlì

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, irin tí a fi ń fa fíláwíìlì ni kí o lò láti yọ ọ́. Má fi òòlù lù ú. Òòlù lè ba òòfà àti ọ̀pá àárín jẹ́. Wo irin pẹlẹbẹ kékeré tí ó di fíláwíìlì mú lára ọ̀pá. Bí ó bá ti gé tàbí tí ó wọ́, iná yóò máa ta ní àkókò tí kò yẹ.

Wo ẹnu pọ́ìntì. Ẹ́ńjìnnì tí a gbé kalẹ̀ fún oṣù mélòó kan a máa ní ìdọ̀tí funfun níbẹ̀ tí ń dínà iná. Fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ ha á díẹ̀, lẹ́yìn náà fa bébà líle tí ó mọ́, tí a rẹ sínú sípíríìtì, kọjá láàárín rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ Johnson àti Evinrude àtijọ́, àlàfo pọ́ìntì nígbà tí ó bá là jù lọ jẹ́ 0.020 ínṣì, èyí tí í ṣe ìdajì mìlímítà. Fíìlà ni kí o fi wọ̀n ọ́n.

Wo ara kọ́ìlì yíká. Bí ó bá ti là, iná ń gba ojú ìlà yẹn sá lọ, pàápàá nígbà tí òjò bá rọ̀. Kọ́ìlì tí ó ti là kò ní àtúnṣe, òmíràn ni kí a rà. Nígbà tí o bá ń dá fíláwíìlì padà, fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa ní ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí ọ̀gá kan àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ ṣe lè tọ ọ̀nà yìí ní etí omi.

Ọmọṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì bàbá ẹlẹ́ja yìí, kọ́ìlì rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní àwọn máa lọ ra tuntun lónìí.

Ọ̀gá: Ta ló sọ fún ọ pé kọ́ìlì ni?

Ọmọṣẹ́: Ọ̀gá, mo fà á fà á, kò jí. Mo wá rò pé...

Ọ̀gá: Ẹ̀n-ẹ́n, o rò. Púlọ́ọ̀gì ńkọ́? Kí ló wí?

Ọmọṣẹ́: Méjèèjì ló tutù fún epo, sà.

Ọ̀gá: Epo dé nìyẹn. Iná ńkọ́?

Ọmọṣẹ́: Kò sí ní ti òkè, kò sí ní ti ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá: Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́ìlì mélòó ló wà níbẹ̀?

Ọmọṣẹ́: Méjì ni, sà.

Ọ̀gá: Ṣé àwọn méjèèjì wá jọ dájọ́ ikú ni? Tú wáyà ìpaná yẹn. Ó yá, fà á.

Ọmọṣẹ́: Háà! Ọ̀gá, iná ta! Ó ń ta pàrà, pàrà!

Ọ̀gá: Má tíì yọ̀. Tẹ̀ lé wáyà náà pẹ̀lú ìka rẹ, díẹ̀díẹ̀, títí dé bọ́tìnnì.

Ọmọṣẹ́: Ọ̀gá, ẹ wò ó níbí. Etí ìdérí ẹ́ńjìnnì ti ha rọ́bà ara rẹ̀ tán. Bàbà rẹ̀ ń kan irin. Ṣé kí n fi ọ̀rá wé e?

Ọ̀gá: Rárá o. Ọ̀rá kì í pẹ́ já. Fi wáyà tuntun sí i, gba ẹ̀gbẹ́ ibí yìí tí ìdérí kò ní lè hà á mọ́, kí o sì dè é kí ó má mì. Lẹ́yìn náà, sáré lọ bá bàbá, kí wọ́n má lọ ra kọ́ìlì.

Owó kọ́ìlì kúrò lọ́rùn bàbá ẹlẹ́ja. Owó wáyà kékeré ni wọ́n san.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ní bátìrì

Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ó kàn dún kẹ̀, kẹ̀, tí sítátà kò yí, kọ́kọ́ wo orí bátìrì. Bátìrì 12 fóòtì tí ó kún, tí ó sì ti sinmi, a máa ní nǹkan bí 12.6. Bí ó bá pé bẹ́ẹ̀, tú ẹnu ìsopọ̀ rẹ̀, ha ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, kí o fún un padà. Bí kò bá dún rárá, wo fíùsì, kí o sì wò bóyá jíà wà ní fírìì. Bí fíùsì bá jó, má fi wáyà lásán dí àyè rẹ̀. Wáyà tí kò lè jó ni yóò jó ọkọ̀. Wáyà odì bátìrì ni kí o kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí o dá padà kẹ́yìn.

Wáyà àti iyọ̀

Iyọ̀ omi òkun a máa wọ abẹ́ rọ́bà wáyà, a sì sọ bàbà di aláwọ̀ ewé. Bí o bá tẹ wáyà bẹ́ẹ̀, yóò dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ti kú nínú. Má fi wáyà iná ilé oní-bàbà kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, nítorí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì yóò ṣẹ́ ẹ. Oní-bàbà wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni kí o rà, kí ó sì nípọn tó ti àtijọ́. Bí o bá ti omi iyọ̀ dé, fi omi tútù tí kò ní iyọ̀ fọ ara ẹ́ńjìnnì, kí o sì fi gíríìsì díẹ̀ pa ẹnu ìsopọ̀.

Bí ó bá kú sí àárín ọ̀sà

Gbogbo àyẹ̀wò tí a sọ yìí, etí omi ni ààyè rẹ̀. Lórí ọ̀sà, ẹ̀mí ènìyàn ló ṣáájú. Sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀ kí omi má baà gbé yín lọ sí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá. Sọ fún èrò kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má sì dìde lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí olúkúlùkù yẹ ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀ wò, kí ó dì í dáadáa. Ṣe ìgbésẹ̀ kìíní nìkan. Bí kò bá jí, ké sí ọkọ̀ mìíràn tàbí kí o tẹ fóònù pe èbúté nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Má ṣí ẹ́ńjìnnì láti wá iná púlọ́ọ̀gì nínú ọkọ̀ tí èrò àti kẹ́ẹ̀gì epo kún inú rẹ̀. Àjẹ̀ méjì kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì.

Kọ ọ́ sílẹ̀

Ìwọ tí o ti mọ̀wé kà, tí o sì ti mọ̀ ọ́n kọ, ibí yìí ni ẹ̀kọ́ rẹ ti ń sanwó. Kí o tó tú wáyà kankan, kọ àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tí ó ti wá. Bí fóònù rẹ bá ní ẹ̀rọ àwòrán, ya á pẹ̀lú. Ra ìwé kékeré kan fún ẹ́ńjìnnì rẹ, kí o máa kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́: 12, oṣù kẹta.
Ohun tí ó ṣe: Kò jí ní òwúrọ̀.
Púlọ́ọ̀gì: Méjèèjì tutù fún epo.
Iná: Kò sí ní méjèèjì.
Ohun tí mo ṣe: Mo tú wáyà ìpaná. Iná dé.
Ohun tí mo rí: Rọ́bà bó lára wáyà ní etí ìdérí.
Àtúnṣe: Wáyà tuntun. Mo gbà á gba ẹ̀gbẹ́ mìíràn.

Ní ọdún tí ń bọ̀, bí ẹ́ńjìnnì náà bá tún kọ̀, o kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé rẹ yóò sọ ibi tí ó ti dùn ún rí. Bí o bá sì rán ọmọ rẹ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ìwé náà yóò sọ̀rọ̀ fún ọ níbẹ̀.

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí pọ́ìntì bá pínyà lójijì?
2. Púlọ́ọ̀gì gbẹ táútáú. Ṣé wáyà ni ìwọ yóò kọ́kọ́ wò, àbí epo?
3. Èéṣe tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ di púlọ́ọ̀gì mú nígbà tí a bá ń wo iná?
4. Iná ń ta ní sílíńdà òkè, kò ta ní ti ìsàlẹ̀. Kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe?
5. Iná kò ta ní méjèèjì. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí wọ́n jọ ń lò.
6. Lítà òróró mélòó ni ìwọ yóò pò mọ́ epo lítà 50, bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ pé 50 sí 1?
7. Ẹ́ńjìnnì kú sí àárín ọ̀sà, èrò mẹ́wàá sì wà nínú ọkọ̀. Sọ ohun mẹ́rin tí ìwọ yóò ṣe, ní ẹsẹẹsẹ.

Iṣẹ́ àmúrelé: Lọ bá ọlọ́kọ̀ kan ní etí omi, kí o bi í nípa ìgbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ̀ kẹ́yìn. Kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí àpẹẹrẹ òkè yìí. Kà á fún un kí o tó kúrò níbẹ̀, kí ó lè tún ibi tí o bá ti ṣì í gbọ́ ṣe.